Títún Ilé Àtijọ́ àti Ojúde Ìlú Ṣe ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kókó ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lórí ètò wa ti òní ni títún ilé àtijọ́ àti ojúde ìlú ṣe, pàápàá jù lọ ní Abẹ́òkúta àti ní agbègbè Ọdẹ́dá tí wọ́n bí èmi gan-an sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Agbára káká ni a ó fi rí ẹni kan tí ó jókòó nídìí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán rẹ̀ nísinsìnyí tí kò ní ilé bàbá kan níbì kan, tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, tí àwọn ẹbí sì ń wo ara wọn lójú pé ta ni yóò ra pàáńù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣe àkíyèsí pé àwọn tí ó fẹ́ wó ilé onílé ni ó sábà máa ń pa á jù. Wọ́n gbàgbé pé ilé ọba ni òwe náà sọ. Ọba ní ènìyàn, ó ní owó, ó sì ní agbára láti pe gbogbo ìlú jọ kí wọ́n wá bá òun mọlé. Ojú ibi tí ilé náà ti jó ni yóò tún un kọ́ sí, àwọn ènìyàn rẹ̀ àtijọ́ ni yóò sì padà sínú rẹ̀. Ilé tálákà tí ó bá jó ńkọ́? Ilé ẹbí tí ó wó, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì fọ́n ká, ẹwà wo ni ó bù sí i? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yóò dá lé lórí.

Ohun Tí A Ń Pè Ní Ilé Àtijọ́

Kì í ṣe gbogbo ilé tí ó ti gbó ni a ní kí a tọ́jú bí ẹyin. Ilé tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni èyí tí ó ń sọ ìtàn bí ìlú ṣe di ìlú, tí a kò sì lè rí irú rẹ̀ mọ́ bí ó bá wó.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, tẹ Abẹ́òkúta dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ, lẹ́hìn tí ogun ti tú wọn ká kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá. Wọn kò wá bí ẹyọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó kó ara rẹ̀ jọ wá, tí ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí a fi ní Ìtòkú, Ìjẹ̀mọ̀, Ìgbẹ̀in, Kẹ́mta, Ìkìjà, Ìporò àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olóyè tirẹ̀, ó ní ilé Ògbóni tirẹ̀, ó sì ní ojúde tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó bá rìn láti àdúgbò kan dé èkejì ní Abẹ́òkúta, láti ìlú kan dé ìlú mìíràn ni ó rìn. Díẹ̀ nínú àwọn orílẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ náà sì ń bẹ ní agbègbè Ọdẹ́dá títí di òní. Ẹ wo Orílẹ̀-Ìlúgùn. Orúkọ rẹ̀ kò nílò àlàyé.

Ẹ̀yà ilé àtijọ́ mẹ́ta ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni agbo ilé alámọ̀, tí àwọn yàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká. Èkejì ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone bọ̀, àti àwọn Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Brazil bọ̀, kọ́ wá hàn wá: ilé olójú fèrèsé gíga, tí ó ní ọ̀pó lẹ́nu ọ̀nà àti iṣẹ́ ọnà lára ògiri. Èkó ni irú èyí pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wa mú un dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta ni ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Àpẹẹrẹ wọn ni Ààfin Aké, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1854 nígbà tí Òkúkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ilé ìjọsìn St. Peter ní Aké, tí ìjọ rẹ̀ ti wà láti 1846. Àti gbọ̀ngàn Centenary Hall, tí a kọ́ fún ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí a tẹ ìlú náà dó.

Ilé Wó, Ọ̀rọ̀ Wó

Olùkọ́ èdè ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ó kàn mí jù. Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì pé kí ni akòdì? Ẹnu kò sí lára wọn. Mo bi wọ́n ní kọ̀bì. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá orúkọ oúnjẹ ni. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, orí wọn sì pé. Ẹ̀bi wọn kọ́ ni. Wọn kò rí akòdì rí, wọn kò sì gbé inú rẹ̀ rí.

Akòdì ni ilé ńlá tí ó yí àgbàlá ká, tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè gbé inú rẹ̀. Kọ̀bì ni ibi tí òrùlé ààfin ti yọ síwájú, tí ọba ń jókòó sí gba àlejò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ààyè gbọọrọ tí yàrá ṣí sí, níbi tí ìyàwó ilé ti ń gba afẹ́fẹ́, tí ọmọdé ti ń sùn lọ́sàn-án, tí bàbá sì ti ń parí ìjà. Bí a bá fi yàrá àti párlọ̀ rọ́pò gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìwà tí ó bá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rìn sì kú pẹ̀lú wọn. Nínú agbo ilé, àgbà kan kì í ṣàìgbọ́ igbe ọmọ. Nínú búlọ́ọ̀kù onílẹ̀kùn irin, ta ni yóò gbọ́?

Àgbàlá náà sì tún jẹ́ ibi iṣẹ́. Ní Ìtòkú àti Kẹ́mta, inú àgbàlá agbo ilé ni àwọn ìyá wa ti ń re àdìrẹ. Ìkòkò aró ń bẹ níbẹ̀, okùn ìsáṣọ ń bẹ níbẹ̀, ọmọbìnrin sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láìsan owó ẹ̀kọ́. Bí a bá wó irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ògiri nìkan ni a wó. A wó ilé iṣẹ́.

Ohun Tí Ń Pa Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé amọ̀ ni kò lágbára. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń mọlé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn a gbẹ́ ilẹ̀pa, wọn a da omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ gún un. Wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó lè múra, wọn a sì tún un gún. Nígbà tí ó bá tó, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wá fún ọ̀wẹ̀ a máa ṣù ú ní ìṣù ìṣù, wọn a máa jù ú sí ọmọlé, òun a sì máa tò ó. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Bí ògiri bá ti parí, wọn a fi amọ̀ kíkúnná rẹ́ ẹ, wọn a sì ṣe òrùlé tí etí rẹ̀ gùn jáde kọjá ògiri, kí òjò má baà kan ògiri lára. Lọ́dọọdún ni àwọn obìnrin ilé ń fi amọ̀ àti ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀, tí wọ́n sì ń dí ibi tí ó bá sán.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú èyí. Òrùlé ni ààbò ògiri. Bí òrùlé bá ti lọ, ògiri ń tẹ̀lé e ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, títún un ṣe lọ́dọọdún jẹ́ apá kan nínú kíkọ́ ilé náà. Àwọn bàbá wa kò kọ́ ilé tí a kò ní tún ṣe. Wọ́n kọ́ ilé tí ènìyàn yóò máa wà nínú rẹ̀ láti tún un ṣe.

Nípa sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Bàbá bàbá mi kọ́ ilé kan sí Ọdẹ́dá. Ilé alámọ̀ ni, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ ní àárín, pàáńù ni a sì fi bò ó. Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́hìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo ní kí n ṣe bí ọmọ tí ó mọ ilé. Mo ra àpò sìmẹ́ńtì, mo sì ní kí wọ́n fi rẹ́ gbogbo ara ògiri náà. Bàbá bíríkìlà kan ń bẹ níbẹ̀, tí ó ti mọ ilé alámọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ilé yìí ń mí. Bí o bá dí i nímú, yóò kú.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ayé ti lajú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.”

Lẹ́hìn òjò ọdún mẹ́ta, mo rí ohun tí bàbá náà rí. Ògiri amọ̀ a máa mu omi díẹ̀ láti inú ilẹ̀ àti láti inú afẹ́fẹ́, a sì máa tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí omi náà rí ọ̀nà jáde mọ́. Inú ògiri wá ń rọ̀, òde rẹ̀ sì ń dán. Nígbà tí ó yá, sìmẹ́ńtì náà sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní abala abala, amọ̀ sì ń tẹ̀lé e. Yàrá méjì tí ó wà ní ẹ̀hìn wó. Owó mi ni mo fi pa ilé bàbá mi lára. Nígbà tí mo wá bàbá bíríkìlà náà lọ kí n lè bẹ̀ ẹ́, ó ti papò dà. Ìmọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ, nítorí kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lẹ́hìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò àti sìmẹ́ńtì kọ́ ni olórí apànìyàn ilé. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹnu tí ògiri ń là jù ni àìfohùnṣọ̀kan ẹbí. Bàbá kan kú, ó fi ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀. Àwọn mẹ́wàá bí àádọ́ta. Ilé di ti gbogbo wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ra pàáńù, wọn a ní ó fẹ́ gba ilé. Ẹni tí kò bá rà á, òjò a bá a rà á. Báyìí ni ilé a máa wó bí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń wò ó.

Ojúde Ni Ilé Gbogbo Wa

Bí agbo ilé ti jẹ́ ti ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni ojúde jẹ́ ti gbogbo ìlú. Níwájú ààfin, níwájú ilé Ògbóni, nídìí igi ọdán tàbí lẹ́bàá ọjà, ibẹ̀ ni a ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni egúngún ti ń jó, ibẹ̀ ni a ti ń kéde òfin, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń pàlọ́ nígbà òṣùpá. Ibẹ̀ náà sì ni mẹ̀kúnnù ti ń sọ ohun tí ó ń dùn ún fún alágbára.

Ẹ̀rí rẹ̀ ń bẹ. Ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ọdún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn, tú jáde lọ sí Ààfin Aké ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nítorí owó orí. Iwájú ààfin ni wọ́n jókòó sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949, kí ó tó padà ní òpin 1950. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà rò nípa ọ̀ràn náà lónìí, ohun kan dájú: bí kò bá sí ojúde, níbo ni àwọn ìyá wọ̀nyí ìbá jókòó sí? Ìlú tí ó bá sọ gbogbo ojúde rẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ìsọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ìlú tí kò ní ibi tí ó ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ọ̀nà Títì àti Ilé

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí a má la títì mọ́ nítorí ilé amọ̀?” Rárá o. Ìlú gbọ́dọ̀ ní títì. Láàárín 2011 sí 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fẹ àwọn ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó sì kọ́ afárá ọkọ̀ sí àwọn ibi bí Ìbarà àti Sàpọ́n. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń há fún wákàtí púpọ̀ wá ń lọ geere. Àǹfààní ni èyí, ẹni tí ó bá sì sẹ́ ẹ kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ó bá a lọ, nínú wọn sì ni àwọn ilé ẹbí tí ó ti pẹ́.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni a fi ń díwọ̀n irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, iye tí ilé tó, pẹ̀lú irè oko tí ó wà lórí ilẹ̀, ni a fi ń ṣe ìṣirò owó ìtanràn fún onílé. Ilé amọ̀ tí ó ti gbó kò lè tó iye púpọ̀ nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Sàárè bàbá tí a sin sínú yàrá ńkọ́? Ojúbọ ìdílé ńkọ́? Kò sí ìlà tí a kọ ìwọ̀nyí sí nínú ìwé ìṣirò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ilé tí ó ṣe pàtàkì kí katakata tó dé, kí ẹni tí ń ya àwòrán ọ̀nà lè mọ ibi tí ó yẹ kí ó yà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọdẹ́dá lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Bí àárín ìlú Abẹ́òkúta ṣe ń di ahoro, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ṣí wá sí Ọbáńtokò, Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ àti síwájú sí i lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé. Ilẹ̀ tí bàbá mi gbin ẹ̀gẹ́ sí, òpó tí a fi pín púlọ́ọ̀tì ni ó wà lórí rẹ̀ báyìí. Ilé tí a bá tún ṣe ní Ìtòkú, oko kan ni ó gbà là ní Ọdẹ́dá.

Ohun Tí Ojú Àwọn Ẹlòmíràn Rí

Kò yẹ kí a dá ọgbọ́n gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a ti gbìyànjú irú nǹkan yìí, ìbáà dára, ìbáà burú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó bàjẹ́. Ní Ìta Tìnúubú ní Èkó, ilé Àgùdà kan ń bẹ tí à ń pè ní Ilé Ìlọ́jọ. Ní 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ìwé àṣẹ kì í bo òrùlé. Bí òfin bá sọ fún ẹbí pé wọn kò gbọdọ̀ wó ilé wọn, tí kò sì sí ọ̀nà tí ilé náà yóò gbà máa bọ́ ara rẹ̀, òfin ti sọ ilé di ẹrù lórí onílé. Ẹni tí ẹrù bá sì wọ̀ lọ́rùn, ó ń wá ọjọ́ tí yóò sọ̀ ọ́ ni.

Nínú Èkó kan náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó kan wà ní Broad Street. A wó àwọn ilé inú rẹ̀ ní 1979, ibẹ̀ sì di ààtàn. Ní 2010, ó di Freedom Park, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n ti ń jó, tí àwọn ènìyàn sì ti ń jókòó gba afẹ́fẹ́. Wọ́n fi ògiri ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ kí ọmọ tí ń ṣeré níbẹ̀ lè bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ni èyí. Ibi ìbànújẹ́ di ojúde, síbẹ̀ a kò pa ìtàn rẹ̀ rẹ́.

Ní Òṣogbo, nígbà tí Susanne Wenger ń tún ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe, kì í ṣe òyìnbó ni ó kó wá ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ogún gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀, àwọn olùsìn kò kúrò níbẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun kò dá dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Olúmọ tiwa. Nígbà tí a tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, tí a sì fi ẹ̀rọ agbénigòkè sí i, ojúbọ tí ó wà níbẹ̀ wà síbẹ̀, ọdún rẹ̀ sì ń lọ.

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Pọtogí sọ ní Porto-Novo, àwọn ojúde vodun wà níwájú agbo ilé àwọn ìdílé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́. Láti bíi ọdún mẹ́wàá sẹ́hìn, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan tí à ń pè ní Ouadada ti ń bá àwọn ìdílé náà ṣiṣẹ́ láti tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gba ojúde lọ́wọ́ onílé. Àwọn àgbà ìdílé wà nínú ìmọ̀ràn, àwọn ọmọ àdúgbò sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní ilẹ̀ Ireland, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni àárín wọn ti ń di ahoro. Ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbé orí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ènìyàn ti kó lọ sí ẹ̀hìn ìlú, bí tiwa. Ní 2022, ìjọba wọn gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Town Centre First, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ṣókí jẹ́ pé àárín ìlú ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n rí i pé títún ògiri kùn kò tó. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ padà sínú ilé.

Bí ó Ṣe Yẹ Kí A Ṣe é

Bí a bá pa gbogbo ohun tí a ti sọ pọ̀, a ó rí i pé iṣẹ́ yìí ní ètò tí ó ń tẹ̀lé.

Èkíní, ẹbí gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìwé náà sọ pé ẹni tí ó bá ná owó sí ilé kò fi bẹ́ẹ̀ gba ilé, ẹni tí kò bá sì rí owó ná kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù méjèèjì yìí bá ti kúrò, owó a máa jáde.

Èkejì, òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Kí a má kun ilé tí ń jò. Lẹ́hìn òrùlé, kí a la ọ̀nà fún omi kí ó má dúró sí ìdí ògiri. Lẹ́hìn èyí ni kí a tó kan ògiri, amọ̀ ni kí a sì fi rẹ́ amọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ilé náà ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Ilé tí a sọ di ohun àwòrán lásán, tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò pẹ́ tí ikán yóò fi jẹ ẹ́ tán. Kí aránṣọ gba yàrá kan, kí olùkọ́ gba òmíràn, kí owó ilé náà sì máa ra pàáńù.

Ẹ̀kẹrin kan ìjọba. Láti 1979 ni a ti ní àjọ tí ó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọwọ́ àjọ kan kò lè kárí gbogbo agbo ilé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ka ilé àtijọ́ àti ojúde tí ó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ iṣẹ́ ilé alámọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ́kù. Èmi mọ ohun tí ó ná mi pé mo rẹ́rìn-ín sí àgbà kan.

Kí n tó dágbére fún yín, bóyá ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé Ọdẹ́dá. Lẹ́hìn tí yàrá ẹ̀hìn wó, a ṣe ìpàdé ẹbí. Ọ̀kan nínú wa ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà láti fi kọ́ ìsọ̀. Owó náà pọ̀, mo sì rí i lójú àwọn kan pé wọ́n nílò rẹ̀ gidigidi. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Bàbá mi kékeré, tí ó dàgbà jù láàárín wa, ni ó bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, “Bí ẹ bá tà á, tí ẹnìkan nínú yín bá kú sí Èkó, ilé ta ni ẹ ó gbé òkú rẹ̀ wá?” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. A kò tà á. A dá owó jọ fún oṣù méjìdínlógún, a sì fi pàáńù tuntun bo yàrá mẹ́fà tí ó kù. A ha sìmẹ́ńtì mi kúrò lára ògiri, a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Aránṣọ kan wà nínú yàrá iwájú báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá méjì tí ó wó, a kò tíì rí owó tún wọn mọ. Ilẹ̀ wọn wà níbẹ̀, a fi ewédú gbìn ín.

Ilé náà kò dára tó bí ó ti rí nígbà ayé bàbá bàbá mi, ṣùgbọ́n ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹwà tí ó lè bù sí ilé tálákà nìyẹn. Ẹ̀yin olùwòran wa, òjò yóò tún dé lọ́dún yìí. Kí ó tó dé, ẹ lọ wo òrùlé ilé bàbá yín. Ó dìgbà kan ná.